Ọwọ́ Òkú àti Ọwọ́ Alààyè: Ohun tí Ìwé Ilẹ̀ Ìjọ Àgùdà Lè Kọ́ Wa ní Èkó

Ìbà àti Ìfáárà

Mo júbà àwọn àgbà tí ó ti sọ̀rọ̀ ní orí pèpéle yìí ṣáájú mi. Wọ́n ní ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Ẹ wo ọwọ́ mi, kí ẹ sì jẹ́ kí n bá yín jẹun lónìí.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwé ilẹ̀. Iṣẹ́ lọ́yà àti ti àwọn tí ń wọn ilẹ̀ ni a sábà máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n àkọ́sílẹ̀ ni ìwé ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àkọ́sílẹ̀ yòókù. Ó ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ní ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ó ní ẹlẹ́rìí, ó sì ní ohun tí ó sọ àti ohun tí ó fi pamọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka ọ̀rọ̀ àti gbígbọ́ ohùn tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìdí kejì sún mọ́ ilé. Àdúgbò Ladi-Lak ní Bàrígà ni mo dàgbà sí. Ní ìgbà èwe mi, àpótí onírin kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi. Ìwé kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí olórí ẹbí kan tẹ àtàǹpàkò sí nígbà tí bàbá mi gba ilẹ̀ tí ó kọ́ ilé sí. Ní ọjọ́ kan, àwọn mìíràn láti inú ẹbí kan náà wá sọ fún un pé àwọn kò mọ̀ nípa owó tí ó san, kí ó tún ilẹ̀ náà rà. Bàbá mi mú ìwé rẹ̀ jáde. Wọ́n wò ó, wọn kò sẹ́ pé ìka ẹ̀gbọ́n àwọn ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìka kan ṣoṣo kì í ṣe ẹbí. Bàbá mi san owó lẹ́ẹ̀kejì, ó dá ìwé padà sínú àpótí, kò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi. Ta ni ó lè fúnni ní ilẹ̀? Ta ni ó sì lè di ilẹ̀ mú títí tí ọ̀rọ̀ kò fi ní yí padà? Láti dáhùn rẹ̀, mo yàn láti wo ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ìjọ Àgùdà ní Èkó àti ní agbègbè rẹ̀, ní pàtàkì àwọn ẹgbẹ́ fadá àti sísítà tí kì í gbéyàwó, tí kì í lọ́kọ, tí kì í sì í bímọ, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ti wà ní ìkáwọ́ wọn fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìwé àwọn òyìnbó wọ̀nyí ni ó wá ba àṣà ilẹ̀ wa jẹ́. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n òfin tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí fi ń di ilẹ̀ mú láàárín ara wọn sún mọ́ òfin ẹbí Yorùbá ju òfin Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

Ilẹ̀ Gẹ́gẹ́ bí Ogún Ẹbí

Kí ìwé tó dé ni ilẹ̀ ti wà, àwọn tí ó ni í sì ti mọ ara wọn. Ní ọdún 1912, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Olóyè kan láti Òdógbólú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣàlàyé fún wọn pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, pé púpọ̀ nínú ọmọ ẹbí náà ti kú, pé díẹ̀ ni ó wà láàyè, àti pé àwọn tí a kò tíì bí kò lóǹkà. Àwọn amòfin ti tún àlàyé yìí sọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òwe láàárín wọn.

Ẹ kíyè sí ipò tí alààyè wà nínú àlàyé náà. Olùtọ́jú ni. Òkú ni ó fi ilẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹni tí a kò tíì bí ni yóò sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí a dá ní Èkó láàárín 1908 àti 1909, ilé ẹjọ́ ìjọba amúnisìn pàápàá gbà pé ogún ẹbí wà, tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ó di 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ to ìlànà náà lẹ́sẹẹsẹ: bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí ohùn olórí ẹbí, asán ni títà náà, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, àwọn àgbà náà lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí a fagi lé e. Ohun tí àwọn àlejò bàbá mi sọ ní Ladi-Lak ní gbòǹgbò nínú òfin yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi òfin náà ṣe ìrẹ́jẹ.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ilẹ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àlejò. Ní Èkó, àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun, bí Olúwa, Ọlọ́tọ̀, Oníru, Ọ̀jọ̀rà, Arómirẹ àti Oníkòyí, ni ìtàn fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ wọn. Àlejò tí ó bá wá bẹ̀bẹ̀ yóò rí ibi dó sí, yóò rí ibi ro. Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó máa rántí ẹni tí ó gbà á sílé. Ìdí nìyí tí ó fi ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún: iṣu, obì, ọtí, tàbí ohunkóhun tí oko bá mú jáde. Kì í ṣe owó ilẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ̀rí ni, tí ó ń sọ pé àlejò kò tíì gbàgbé.

Bí Àgùdà Ṣe Dé Èkó

Àwọn tí a ń pè ní Àgùdà ni àwọn ọmọ Yorùbá àti ti ẹ̀yà mìíràn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí àwọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì padà wá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos Square. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ Kátólíìkì, nítorí àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n orúkọ wọn lẹ̀ mọ́ ìjọ náà títí ó fi di pé Àgùdà ni Yorùbá ń pe gbogbo ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Kí fadá kankan tó fìdí kalẹ̀ ní Èkó, ẹrú tí a dá sílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ni ó ń kó wọn jọ gbàdúrà. A kò fi í jẹ àlùfáà, síbẹ̀ òun ni ó ń ṣe olùtọ́jú ìjọ.

Ẹgbẹ́ SMA, tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856, ni ó rán fadá wá sí etíkun wa. Brésillac fúnra rẹ̀ kú ní Freetown ní 1859, láìpẹ́ tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Fadá Francesco Borghero dé Ouidah ní Dahomey ní 1861, ó sì wá bẹ Èkó wò ní 1863. Ní 1868 ni mísọ̀n náà wá fìdí kalẹ̀ ní Èkó. Augustin Planque, tí ó di olórí SMA lẹ́yìn Brésillac, ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn sísítà tí a mọ̀ sí OLA sílẹ̀ ní 1876.

Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí àkókò tí wọ́n dé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, lábẹ́ ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ṣáájú ọjọ́ náà ni àwọn Sàró, àwọn Àgùdà àti àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń gba ìwé lọ́wọ́ ọba gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ilẹ̀ tí a fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, gómìnà ni ó ń fúnni ní ìwé ní orúkọ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ìjọ Àgùdà dé ìlú kan tí ẹnu àti ìwé ti jọ ń jọba. Olóyè sọ pé ilẹ̀ wà lábẹ́ òun, gómìnà sọ pé ó wà lábẹ́ ọbabìnrin. Àlejò tí ó bá gbọ́n yóò wá ojú rere àwọn méjèèjì.

Ilẹ̀ tí ìjọ gbà ni ó kọ́ ilé sí. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà, Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ni ìtàn ka kíkọ́ ilé ìjọsìn Holy Cross sí, èyí tí a parí ní 1881. Ilé náà kò sí mọ́. Èyí tí a ń wò lónìí, ní 1934 ni a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ní 1939 ni a sì parí rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kú, àwọn fadá tí ó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ kú, ilé àkọ́kọ́ fún èkejì láyè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ìjọ. Ẹgbẹ́ tí kò bímọ wá ní ogún tí ó ń jẹ láti ìran dé ìran.

Ohùn Méjì Nínú Ìwé Kan

Mo fẹ́ kí a wo ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àwọn méjì tí ó bá ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ yóò kọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí awọ kan ṣoṣo. Wọn yóò wá gé awọ náà sí méjì, ojú gígé náà yóò sì rí gánngàn-gànngàn bí eyín ayùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú ìdajì kan lọ. Bí ìjà bá dé lọ́jọ́ iwájú, a ó mú ìdajì méjèèjì wá síbi kan. Bí eyín wọn bá bára mu, òtítọ́ ni ìwé náà.

Ìdajì kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ilẹ̀ tí a kọ ní Èkó nígbà náà. Ìdajì yìí sọ orúkọ ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà, ó sọ iye owó, ó sọ ààlà. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìháyà, ó sọ iye ọdún, bóyá 21 tàbí 99, àti ohun tí ayálégbé kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ní ìsàlẹ̀ ni àmì ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ wà. Àmì náà rí bí àgbélébùú. Olóyè tí ó ń bọ Ògún ni a sọ pé kí ó fa àgbélébùú, akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé àmì tirẹ̀ nìyí. Láàárín olóyè àti akọ̀wé ni ògbufọ̀ dúró sí. Ìjọba mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ṣe òfin ní 1915 láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé, pé ẹni tí ó bá bá wọn kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ náà sí i.

Ìdajì kejì wà ní ẹnu. Ohun tí ògbufọ̀ sọ fún olóyè ní èdè Yorùbá kò sí nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni olóyè fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni a sábà máa ń lò fún fífúnni ní ilẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní Yorùbá, ènìyàn lè ta ilẹ̀, ó lè fi ilẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ó lè yá a ní ilẹ̀, ó lè fún un ní ibi tí yóò máa ro, ó sì lè ní kí ó dó síbẹ̀ kí òun máa rí i. Ohun márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Èwo ni ògbufọ̀ yàn? Ìwé náà tún sọ pé títí láé ni. Àwa náà ń sọ títí láé nígbà tí a bá ń súre fún tọkọtaya, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó rò pé a ti fi gbólóhùn náà gba ọmọbìnrin kúrò nínú ẹbí bàbá rẹ̀.

Ibì kan wà, síbẹ̀síbẹ̀, tí eyín ìdajì méjèèjì ti bára mu lọ́nà tí ó yani lẹ́nu. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, onílẹ̀ lè fi ilẹ̀ háyà fún ẹlòmíràn kí ó sì sọ pé èso ata kan ṣoṣo ni kí ó máa fi san owó rẹ̀ lọ́dún. Ata kò tó nǹkan. Kò sí onílẹ̀ tí ó fẹ́ fi í se ọbẹ̀. Ó kàn ń fi hàn pé ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ni ó fi òun síbẹ̀. Kí ni èyí bí kì í bá ṣe ìṣákọ́lẹ̀? Àwọn adájọ́ tí ó ka ìṣákọ́lẹ̀ sí owó ilé lásán ìbá ti rí ìtumọ̀ rẹ̀ nínú àṣà tiwọn.

Ẹjọ́ tí ó tan ìmọ́lẹ̀ jù lọ sí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Amodu Tijani, Olóyè Olúwa. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá. Ilé ẹjọ́ ní Èkó sọ pé agbára àbójútó nìkan ni olóyè ní, nítorí náà owó díẹ̀ ni ó tọ́ sí i. Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba, láti ẹnu Viscount Haldane, dá a láre pé a gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ fún un bí ẹni pé àwọn ará rẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ náà pátápátá. Haldane kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì di ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé níbi púpọ̀ lágbàáyé, àwùjọ ni ó ni ilẹ̀. Adájọ́ ni Haldane, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ èdè ni ó ń sọ.

Ọwọ́ Òkú

Mo ti sọ pé òfin àwọn ẹgbẹ́ fadá àti sísítà sún mọ́ òfin ẹbí. Ó tọ́ kí n fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ní 1279, Ọba Edward Kìn-ín-ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó fi òpin sí fífi ilẹ̀ fún àwọn ilé ìsìn láìgba àṣẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọba àti àwọn ìjòyè ń rí owó gbà nígbà tí onílẹ̀ bá kú tí àrólé rẹ̀ sì jẹ ogún, ṣùgbọ́n ilé ìsìn kì í kú, kì í sì í ní àrólé. Ilẹ̀ tí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ kì í jáde mọ́. Orúkọ tí wọ́n fún irú ìdìmú bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ òkú, nítorí ohun tí òkú bá dì mú, kò sí ẹni tí ó lè já a gbà.

Bí a bá sọ èyí fún àgbà Yorùbá, yóò bèèrè ohun tí ó burú níbẹ̀. Ọwọ́ òkú ni ilẹ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa. Ohun tí ó dẹ́rù ba ọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ọkàn ẹbí Yorùbá balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ìwé Òfin Ìjọ Kátólíìkì ti 1983. Kánọ̀n 668 sọ ohun tí ẹni tí ó wọ ẹgbẹ́ ìsìn yóò ṣe sí ohun ìní rẹ̀, ó sì sọ pé ohun tí ó bá ti ipa iṣẹ́ rẹ̀ wá di ti ẹgbẹ́. Èyí kan àwọn sísítà OLA tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ òṣì. Àwọn fadá SMA kì í jẹ́ ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbúra ni tiwọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mísọ̀n kì í ṣe ti fadá kankan bákan náà. Kánọ̀n 638 sọ pé ọ̀gá ẹgbẹ́ kò lè dá ohun ìní ẹgbẹ́ tà. Ó gbọ́dọ̀ gba ohùn ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí àṣẹ náà sì wà ní kíkọ. Bí iye rẹ̀ bá pọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, tàbí bí ohun náà bá jẹ́ ohun iyebíye nítorí ìtàn, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ láti Róòmù. Kánọ̀n 120 sọ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kú nípa àdánidá rẹ̀. Àyàfi bí a bá fòfin tú u ká, tàbí bí kò bá ṣe ohunkóhun mọ́ fún 100 ọdún.

Olórí ẹbí kò gbọ́dọ̀ dá ilẹ̀ tà láìgba ohùn àwọn àgbà. Ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ dá ilẹ̀ tà láìgba ohùn ìgbìmọ̀. Ọmọ ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti gbé lórí ilẹ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Sísítà ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó jinlẹ̀ ni pé nípa ẹ̀jẹ̀ ni ẹbí fi ń rí àwọn tí a kò tíì bí, nípa ìpè ni ẹgbẹ́ ìsìn fi ń rí tirẹ̀. Ìka kan ṣoṣo kì í ṣe ẹbí. Ìka kan ṣoṣo kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ìsìn.

Láti Tòpó dé Àkọkà

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ fi oyin bo ọ̀rọ̀ yìí. Òfin kan lè dára nínú ilé kí ó sì ni ẹni tí ó wà lóde lára. Ní 1876, mísọ̀n gba ilẹ̀ ní Tòpó, nítòsí Àgbádárìgì, wọ́n sì dá oko ńlá sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ọgbà àgbọn rẹ̀ lókìkí. Níbẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ àlejò ní Èkó di onílẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé lábẹ́ ìlànà rẹ̀. Bí àlejò bá di onílẹ̀ báyìí, tí kò sì rántí ìṣákọ́lẹ̀ mọ́, ìwé ọwọ́ rẹ̀ á máa sọ òtítọ́ níwájú ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò á máa sọ ìtàn mìíràn ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìjọba pẹ̀lú ti dán ìwé ilẹ̀ wò. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà láti máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ẹni tí ó ti kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní ìgboro ń bá a lọ láti lò ó, ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ bá ṣófo, ìdajì hẹ́kítà péré ni òfin fi sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, ẹbí, ìjọ àti ẹni kọ̀ọ̀kan ti di ayálégbé lọ́wọ́ ìjọba ní ọ̀nà kan tàbí òmíràn.

Ìtàn ilé ẹ̀kọ́ fi èyí hàn ní àdúgbò tiwa gan-an. Fadá Denis Slattery, ọmọ Ireland tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ SMA, dá St. Finbarr's College sílẹ̀ ní 1956. Àkọkà ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà, ibi tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Ladi-Lak. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn mísọ̀n. Ní 1980, nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ fòpin sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Olubunmi Okogie àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ní 2001, ìjọba dá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ, St. Finbarr's sì wà lára wọn. Ẹ fi ojú inú wo ọjọ́ tí a bá dá irú ohun bẹ́ẹ̀ padà lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbà ti wó, àwọn kan ti kọ́lé mọ́ ọn, àwọn tí ó mọ ààlà ti kú. Ta ni yóò sọ ibi tí ilẹ̀ náà parí sí bí kò ṣe ìwé?

Ní ọdún 2020, òfin tuntun lórí àwọn ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ fún àjọ ìjọba ní agbára láti dá àwọn alábòójútó ohun ìní ìjọ dúró kí ó sì fi àwọn mìíràn sípò wọn fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ fi ẹ̀hónú hàn. Ẹ̀rù ọba Edward ni ó tún jí dìde ní àwọ̀ mìíràn.

Ohun tí Ó Yẹ Kí A Ṣe

Kí ni kí a wá ṣe? Èkínní, kánọ̀n 1284 ti pàṣẹ fún àwọn alábòójútó pé kí wọ́n to ìwé tí ó jẹ́ ẹ̀rí ohun ìní ìjọ lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n sì tọ́jú wọn. Mo rọ àwọn ẹgbẹ́ ìsìn pé kí wọ́n tún ṣe ẹ̀dà àwọn èyí tí ó ti di ìtàn, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn olùwádìí rí wọn. Orúkọ àwọn tí ilẹ̀ wọn bá ara wọn pààlà, tí a kọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, lè jẹ́ ìtàn ẹbí kan tí kò sí níbòmíràn. Ikán àti omi òjò kò mọ ìwé ìjọ yàtọ̀ sí ìwé ẹbí.

Èkejì, kí àwa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí lọ bá àwọn àgbà nínú ẹbí tí ó fúnni ní ilẹ̀, kí a gba ìdajì kejì sílẹ̀ kí ó tó bá wọn wọlẹ̀: ta ni ó wá bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ni a sọ, kí ni a mu, kí ni a ṣèlérí. Ẹ̀kẹta, kí a máa kọ ìwé ilẹ̀ ní Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀rọ̀-ìṣe tí onílẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lè wà níbẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 ti sọ ìwà jàgídíjàgan àwọn ọmọ onílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìjìyà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ń fìyà jẹni ń dé lẹ́yìn ìjà ni. Ìwé tí gbogbo ẹbí gbọ́, tí gbogbo ẹbí sì fọwọ́ sí, ń ṣáájú ìjà.

Àpótí onírin bàbá mi ti di tèmi. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo lọ bá ẹbí tí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. N kò bá wọn jà. Mo gbé obì àti ọtí dání, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ìtàn ilẹ̀ náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan nínú wọn rántí ọjọ́ tí bàbá mi wá, ó rántí aṣọ tí ó wọ̀. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ẹ̀gbọ́n àwọn pín owó náà nígbà náà, pé òun náà gba tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dorí kodò. Mo kọ ohun tí a sọ ní Yorùbá, mo kà á sí etígbọ̀ọ́ wọn, olúkúlùkù sì tẹ̀ka sí i. Ìka 11 ni ó wà lórí ìwé náà báyìí. Ó wà nínú àpótí pẹ̀lú èyí tí ó ní ìka kan.